Kòkòrò Wínníwínní Inú Tírè Ata Mi: Bí A Ṣe Dá A Mọ̀

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn tó ń gbin ọmọ ata, tòmáàtì tàbí ẹ̀fọ́ sínú tírè àti àpò ní ẹ̀yìnkùlé wọn, tí wọ́n sì ń rí kòkòrò dúdú wínníwínní tó ń sáré lórí ilẹ̀dú, tó máa ń dìde fìrì nígbà tí wọ́n bá ń bomi rin ín. Bí ẹ bá béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò yín, ẹ ó gbọ́ orúkọ oríṣiríṣi. Orúkọ tí ẹ bá sì gbà ló máa sọ ohun tí ẹ ó náwó lé lórí, ohun tí ẹ ó fín sórí ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, àti bóyá ọmọ ọ̀gbìn yín yóò yè. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé dídá kòkòrò mọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, oògùn ló tẹ̀ lé e, bí a bá tilẹ̀ nílò oògùn rárá.

Ìbàdàn ni mo ń gbé, ẹ̀yìn ilé mi ni ọgbà náà sì wà. Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Mo po erùpẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ àti lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo gbé wá láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó pọ̀, mo bù ú sínú tírè, mo gbin ata rodo àti tòmáàtì sí i, mo sì tò wọ́n sábẹ́ ìbòjì. Ìgbẹ́ adìyẹ náà kò tíì jẹrà tán nígbà tí mo lò ó. Ó ṣì ń gbóná bí a bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì tíì lọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin wọ́n, òjò ì báà rọ̀, ì báà má rọ̀, torí pé ohun tí mò ń bẹ̀rù jù ni kí wọ́n má lọ gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Wọ́n hù dáadáa. Ìgbà tí wọ́n yọ ewé tòótọ́ àkọ́kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé òmíràn nínú wọn dúró sójú kan, kò dàgbà mọ́, ewé rẹ̀ ń pọ́n, ìdí rẹ̀ sì ń rọ̀. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dùbúlẹ̀. Bí mo bá fà á, á kàn tẹ̀lé ọwọ́ mi wẹ́rẹ́. Kò sí irun gbòǹgbò kankan lára rẹ̀ mọ́, ìwọ̀nba gbòǹgbò tó kù níbẹ̀ sì ti dúdú, ó ti já. Ó dùn mí wọra, nítorí irúgbìn ata náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè lọ rà lọ́jà. Ata tí ìyá mi ń gbìn lóko kí wọ́n tó kú ni, tí mo sì ń pa irúgbìn rẹ̀ mọ́ láti ọdún dé ọdún.

Àkókò yẹn gan-an ni àwọn kòkòrò náà pọ̀. Wọn kì í fò lọ jìnnà: bí mo bá fọwọ́ kan tírè, wọ́n á dìde, wọ́n á fò gbàgẹ̀rẹ̀gbàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì tún bà sórí erùpẹ̀, wọ́n á máa sáré lórí rẹ̀. Wọn kì í jáni, wọn kì í sì í kùn sétí ènìyàn. Ẹni tó ń gbé ilé kejì sọ pé ọmọ ẹ̀fọn ni wọ́n, pé kí n lọ da omi inú táyà nù. Ẹnìkan ní kantíkantí ni, irú èyí tó máa ń yí agbè ẹmu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ká. Ẹlòmíràn ní amukúrú ni, kí n máa wọ aṣọ alápá gígùn bí mo bá ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn oko, ẹni tó wà níbẹ̀ kò jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ tán. “Eṣinṣin funfun ni, Mọ́mì,” ló sọ, “òun náà ló ń dààmú gbogbo àwọn tó gbin ata.” Ó gbé ìgò oògùn olómi kan fún mi, mo sanwó, mo lọ fín in.

Nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ náà rò, mo rí i pé kò sí ẹni tó parọ́ nínú gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ kòkòrò náà gùn, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn wá. Ó kéré bíi kantíkantí lóòótọ́. Ata mi ń kú, eṣinṣin funfun sì máa ń pa ata lóòótọ́. Ohun tó sọ gbogbo wa nù ni pé ìwọ̀n àti àwọ̀ la fi ń dá a mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun wínníwínní tó dúdú tó sì ń fò pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà lọ.

Lẹ́yìn tí mo fín oògùn náà, ọjọ́ mélòó kan kọjá tí n kò rí kòkòrò kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ata sì ń ṣubú lọ bó ṣe ń ṣubú tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá oògùn apakòkòrò ilé tó ní dichlorvos nínú, kí n pò ó mọ́ omi, kí n sì dà á sí tírè. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá, mo sì bẹ ẹ̀yin náà kí ẹ kọ̀ ọ́. Májèlé tó ń ba iṣan ara ènìyàn jẹ́ ni. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa á nínú ìgò kéékèèké ti mìlílítà 100, nítorí jàǹbá tó ń ṣe láàárín ilé. Kò yẹ kí ohun tó rí bẹ́ẹ̀ dé inú erùpẹ̀ tí a fẹ́ gbin oúnjẹ sí.

Ọmọ aládùúgbò mi kan tó ń kọ́ nípa ààbò ọ̀gbìn ní yunifásítì ló wá kí mi nígbà tí wọ́n gba ìsinmi. Ó lóṣòó ti tírè náà, ó wò ó títí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fín nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú wọn, ká wò wọ́n.”

Mo ní, “Kí ni a fẹ́ rí lára ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́?”

“Ìyẹ́ apá wọn àti ìwo orí wọn, mà. Ó máa hàn.”

Àwọ̀ ìyeyè máa ń fa àwọn kòkòrò yìí mọ́ra, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ọgbà fi ń ta bébà alátè aláwọ̀ ìyeyè. Àwa kò ní irú rẹ̀ nílé, nítorí náà ó bá mi gé ara kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó fi faselíìnì ra ojú rẹ̀, ó fi igi kan gún un mọ́lẹ̀ sí àárín tírè, sún mọ́ erùpẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yọ awò kan láti inú àpò rẹ̀, irú èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, ó ní kí n gbé e sún mọ́ ojú mi dáadáa, kí n wá máa gbé kẹ́ẹ̀gì náà bọ̀ wá bá awò, kì í ṣe kí n máa gbé awò lọ bá kẹ́ẹ̀gì. Gbàrà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò náà hàn kedere.

Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Ìwo orí rẹ̀ gùn, ó sì pín sí oríkèé kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Oríkèé 16 ló máa ń wà lára ìwo irú kòkòrò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awò ọwọ́ kò lè kà á tán. Ìwo yẹn nìkan ti mú kantíkantí kúrò níbẹ̀, nítorí ìwo tirẹ̀ kúrú ṣúkú, ojú rẹ̀ sì sábà máa ń pupa. Mo wá ẹnu ṣóńṣó gígùn tí ẹ̀fọn fi ń mu ẹ̀jẹ̀, n kò rí i. Eṣinṣin funfun kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń dárúkọ mọ́: funfun ni ìyẹ́ rẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ku ẹfun sí i, abẹ́ ewé ló sì máa ń gbé, kì í sáré kiri lórí erùpẹ̀. Òun ló ń gbé àrùn mòsáíìkì kiri lára ẹ̀gẹ́, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wà nínú tírè mi. Amukúrú tó ń jáni létí odò ní tirẹ̀ kúrú, ó ki, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ gegele. Omi tó ń ṣàn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé.

Ó wá ní kí n wo ìyẹ́ apá rẹ̀. Ìyẹ́ náà mọ́lẹ̀ gaara, ó ṣókùnkùn díẹ̀, iṣan tó wà nínú rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ní àárín rẹ̀, iṣan kan jáde ní ẹyọ kan láti ìdí ìyẹ́, ó wá là sí méjì bó ṣe ń lọ sí etí, tó fi ya lẹ́tà Y gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí Y yẹn lórí ìyẹ́ kòkòrò dúdú tó ní ìwo gígùn àti ẹsẹ̀ gígùn, tó sì ń gbé orí erùpẹ̀ tútù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ti rí fungus gnat, kòkòrò tó ń jẹ olú wínníwínní inú erùpẹ̀. Sciaridae ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹbí rẹ̀. Àwọn tí à ń pè ní Bradysia ló wọ́pọ̀ jù nínú ìkòkò òdòdó àti tírè ọ̀gbìn káàkiri àgbáyé.

Ẹnìkejì kan wà tó máa ń bá a gbé pọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí pé òun ló lè tan ẹni tó ti ń wò dáadáa pàápàá. Shore fly ni orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó. Ó dúdú, kò ju fungus gnat lọ, ibi tó tutù lòun náà fẹ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ki, ìwo rẹ̀ kúrú gan-an, àmì márùn-ún tó mọ́ sì wà lórí ìyẹ́ apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n fò jù fungus gnat lọ. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lórí erùpẹ̀ tí omi kì í gbẹ lójú rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ, wọn kì í jẹ gbòǹgbò. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ rí, ohun tó ń pa ọ̀gbìn yín wà níbòmíràn. Ní ti àwọn tó máa ń jáde láti inú ihò omi ilé ìwẹ̀, irun bo gbogbo ara àti ìyẹ́ wọn, wọn kò sì ṣòro dá mọ̀.

Ọmọ náà kó díẹ̀ nínú wọn lọ síléèwé, ó wò wọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Lára fọ́tò náà ni mo ti rí ohun tí awò ọwọ́ kò lè fi hàn: ojú méjèèjì gba òkè ìwo kọjá, wọ́n sì pàdé ara wọn lókè orí. Àmì Sciaridae nìyẹn. Àwọn ìbátan wọn tí à ń pè ní Mycetophilidae, tí àwọn ọmọ wọn sábà máa ń gbé inú olú tó hù nínú igbó, kò ní irú ìpàdé ojú bẹ́ẹ̀, èjìká wọn sì máa ń ga sókè. Mo bi í pé ṣé kò lè sọ orúkọ kòkòrò náà gan-an ní àsọtán. Ó ní ìyẹn ń fẹ́ kí wọ́n tú akọ rẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kò sì yí ohun tó yẹ kí n ṣe nínú ọgbà padà. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn púpọ̀. Ó yẹ kí ènìyàn mọ ibi tí ìdámọ̀ tó lò ti tó.

Kòkòrò tó ń fò kì í jẹ ata. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ kan ló máa ń lò láyé, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ohunkóhun. Àwọn ìdin rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi, a sì gbọ́dọ̀ rí àwọn náà kí a tó lè sọ pé a ti dá a mọ̀. Pòtétò la fi mú wọn. A gé pòtétò tútù pẹlẹbẹ, a tẹ ojú tó ní omi mọ́ erùpẹ̀ inú tírè, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì ṣí i. Ìdin wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ wọnú. Ara wọn funfun, ó mọ́lẹ̀ débi pé erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n ti jẹ hàn gbangba nínú ìfun wọn láti òde. Wọn kò lẹ́sẹ̀. Orí wọn dúdú, ó ń dán, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ara yòókù. Orí dúdú yẹn ni kí ẹ máa wá. Ìdin shore fly kò ní irú orí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè rí ekòló funfun tín-ín-rín nínú ilẹ̀dú tó ní ìgbẹ́, òun náà kò ní orí tó dúdú. Ẹ sì lè rí àwọn kékeré kan tó máa ń ta pọ́ún bí ẹ bá da omi sí wọn, àwọn yẹn kì í ṣe ọ̀tá ọ̀gbìn. Inú bí mi sí àwọn ìdin náà lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti rí ohun tí mò ń bá jà.

Nígbà tí mo mọ bí ayé wọn ṣe rí ni mo tó mọ ìdí tí oògùn àkọ́kọ́ kò fi ṣiṣẹ́. Bí ooru bá tó nǹkan bíi 24°C, ẹyin wọn máa ń pa ní ọjọ́ 3, ìdin máa ń jẹun fún nǹkan bí ọjọ́ 10, yóò wá dúró jẹ́ẹ́ láti para dà fún nǹkan bí ọjọ́ 4, kí èyí tó ń fò tó jáde. Abo kan lè yé ẹyin tó tó 200. Oògùn tí mo fín pa àwọn tó wà lókè. Àwọn tó wà nílẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Olú wínníwínní àti ohun tó ń jẹrà ni oúnjẹ wọn gan-an, ilẹ̀dú tí ìgbẹ́ inú rẹ̀ kò tíì jiná sì kún fún un. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọjú sí irun gbòǹgbò. Wọ́n tún lè gbé àrùn Pythium láti ìdí ọ̀gbìn kan dé òmíràn, àrùn tó máa ń mú kí ìdí ọmọ ọ̀gbìn rà kó sì ṣubú. Ṣùgbọ́n àrùn yẹn kò nílò kòkòrò kankan kí ó tó pa ọmọ ata nínú erùpẹ̀ tí omi kì í gbẹ nínú rẹ̀, nítorí náà n kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ìdin.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni omi. Mo jẹ́ kí ojú erùpẹ̀ gbẹ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kí n tó tún bomi sí i, mo sì ń gbé tírè sínú abọ́ omi kí ó fi ìdí fà á, dípò kí n máa da omi sí i lórí. Ẹyin àti ìdin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò lè fara da ojú ilẹ̀ tó gbẹ. Mo kó àwọn tó ti kú dànù, mo fi kẹ́ẹ̀gì alátè sílẹ̀, mo sì ń fi pòtétò yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Èyí tí mo tún gbìn lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tán, tí kò gbóná tí kò sì rùn mọ́, ni mo lò fún un. Ata ìyá mi kò run. Èyí tó kù nínú wọn tó láti fún mi ní irúgbìn mìíràn.

Ẹni tí ọ̀ràn tirẹ̀ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ lè wá Bti, bakitéríà kan tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ní ọdún 1976. Ìdin irú àwọn kòkòrò yìí, ti ẹ̀fọn àti ti amukúrú ló ń pa, kì í pa oyin, kì í sì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ó wà lára ohun tí wọ́n dà sínú odò ní Benin, Togo àti àwọn orílẹ̀-èdè míì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi gbógun ti àrùn tó ń fọ́ni lójú létí odò. Inú omi tí ẹ fi ń rin erùpẹ̀ ni ẹ ó pò ó mọ́, kì í ṣe orí ewé. Ṣùgbọ́n bí ohun tó wà nínú ọgbà yín bá jẹ́ eṣinṣin funfun, kò ní ràn án rárá, owó yín á sì ṣòfò.

Bí ẹ kò bá dá tiyín lójú, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́, wà ní Ìdí-Ìṣin níbí ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ààbò ọ̀gbìn sì wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ẹ má kó wọn sínú bébà tàbí ọ̀rá, wọ́n á gbẹ, ìwo àti ẹsẹ̀ wọn á já. Inú ìgò kékeré tó ní sípírítì ni kí ẹ kó wọn sí, àwọn tó ń fò àti ìdin pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ yà á láti òkè tààrà kí iṣan ìyẹ́ lè hàn, ẹ sì gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí ẹ mú un, ibi tí ẹ ti mú un àti ọ̀gbìn tó wà níbẹ̀ sára bébà kékeré, kí ẹ sì ti bébà náà bọ inú ìgò pẹ̀lú wọn, nítorí sípírítì máa ń nu báírò kúrò.